Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìdí Tí A Fi Ń Tún Géèmù Gbá

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, iyàn kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá. Kì í ṣe iyàn òṣèlú, kì í sì í ṣe iyàn bọ́ọ̀lù. Iyàn géèmù orí kọ̀ǹpútà ni. Ó ní géèmù tí kò bá le kò yẹ ní gbígbá, àti pé agbára ọ̀tá inú rẹ̀ ni a fi ń mọ èyí tí ó le. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́. A jiyàn títí àwọn ará yàrá kejì fi ń gbá ògiri pé kí a jẹ́ kí àwọn sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nínú mi. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi mú kálàmù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé yóò máa bèèrè pé kí ni géèmù ń wá nínú ìwé ẹgbẹ́ Yorùbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Irú géèmù tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí a fi ń yìnbọn kiri lásán. Èyí tí ẹni tí ń gbá a ń gbé ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀ bí ẹwù ni. Òun ni yóò yan agbára rẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí yóò máa ti ẹnu rẹ̀ jáde. Níbi tí ìtàn bá wà, tí ẹ̀dá-ìtàn wà, tí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ sì wà, iṣẹ́ lámèyítọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá ka ìwé ìtàn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni a óò bá nínú rẹ̀. Àwa ni a lè ti yí padà. Ṣùgbọ́n bí a bá tún irú géèmù yìí gbá, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pàápàá lè yí padà. Kí ni ó wá ń mú ni padà sí ìdí géèmù tí a ti gbá parí? Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyẹn.

Kí n má baà máa sọ̀rọ̀ lófuurufú, ẹ jẹ́ kí n fi géèmù kan ṣe àpẹẹrẹ. Fallout ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Interplay ní Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde ní ọdún 1997. Tim Cain ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 1994. Ìtàn rẹ̀ lọ báyìí: ogun bọ́ǹbù átọ́míìkì ba ayé jẹ́ ní ọdún 2077, àwọn ènìyàn kan sì sá wọ ibùgbé abẹ́ ilẹ̀ ní Kalifóníà. Ní ọdún 2161, ohun èlò kékeré kan tí ń darí ẹ̀rọ omi wọn bàjẹ́. Alábòójútó wọn rán ẹnì kan jáde láti wá òmíràn bọ̀. Ọjọ́ 150 péré ni ó fún un. Bí ọjọ́ bá pé tí kò rí i, àwọn ará ilé ti kú, géèmù sì ti parí. Ẹni tí a rán náà ni ìwọ tí ń gbá a.

Kí ó tó jáde, ìwọ ni yóò pín ẹ̀bùn fún un. Ẹ̀bùn méje ni: agbára, ìfojúsílẹ̀, ìfaradà, ìfanimọ́ra, ọgbọ́n, ìyára àti oríire. Máàkì márùn-ún ni ó kọ́kọ́ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì fún ọ ní márùn-ún mìíràn láti fi kún èyí tí ó bá wù ọ́. Bí o bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí o gé lára ẹ̀bùn kan fi bù sí òmíràn. A kì í jẹ méjì lábà Àlàdé.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbá a, ọgbọ́n àti ọ̀rọ̀ sísọ ni mo fi gbogbo ara lé, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mí. Géèmù náà gbà wá láyè láti fi ibi tí a bá a dé pamọ́, kí a sì padà síbẹ̀ nígbàkúùgbà. Nítorí náà, kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, n ó ti fi ibi tí mo dé pamọ́. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ tí inú bí ẹni náà, n ó padà sẹ́yìn lọ tún un sọ. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀ kò ṣé kó. Èmi a máa kó ẹyin fífọ́ nílẹ̀, n ó sì tò ó padà sínú igbá bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbá géèmù náà parí láìpàdánù ohunkóhun. Kò tó oṣù kan tí mo fi gbàgbé ìdajì rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kò gbá tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í padà sẹ́yìn àfi bí wọ́n bá pa á. Ní alẹ́ tí a ń jiyàn náà, mo bi í pé, “Nínú gbogbo ohun tí o rí nínú Fallout, èwo ni o kò lè gbàgbé?” Mo rò pé yóò dárúkọ òmìrán kan tàbí ẹranko abàmì kan. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Àwọn ará Necropolis.”

Ìlú kan ni Necropolis, àwọn tí ìtànṣán bọ́ǹbù ti ba gbogbo ara wọn jẹ́ ni ó ń gbé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ohun èlò tí a ń wá wà. Àwọn tí ó fara pamọ́ sí abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà bẹ̀bẹ̀ pé kí a bá àwọn tún ẹ̀rọ omi àwọn ṣe kí a tó mú un lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òùngbẹ ni yóò pa àwọn. Ọ̀rẹ́ mi kò fi máàkì kankan sí àtúnṣe ẹ̀rọ, ọjọ́ sì ń lọ. Ó mú ohun èlò náà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó ní, “Mo gbé omi dé ilé, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mo ti gbé e.” Àwọn òmìrán tí ń ṣọ́ omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀, síbẹ̀ kò tilẹ̀ rántí wọn mẹ́nu bà. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi dá ara rẹ̀ lẹ́bi nínú iyàn wa.

Ìṣòro méjì ni mo rí nínú irú géèmù yìí. Èkíní ni ìṣòro ìjà: ọ̀tá lágbára, ọwọ́ wa kò tíì yá. Èkejì ni ìṣòro ìpinnu: bí a bá gba ọ̀nà kan, ilẹ̀kùn ọ̀nà kejì tì. Ìṣòro ìjà a máa tán nígbà tí a bá ti ṣẹ́gun. Ìṣòro ìpinnu kì í tán bẹ́ẹ̀, nítorí a ó máa ronú ohun tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ó tì. Ìrònú yìí ni ó ń mú ni padà.

Èmi náà padà. Mo bá ara mi dá májẹ̀mú pé n kò ní kó ẹyin nílẹ̀ mọ́, mo sì fún ẹ̀dá-ìtàn mi ní máàkì méjì péré fún ọgbọ́n. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí ó la ẹnu. Kùn-ùn ni ó ń kùn. Ìlú tí wọ́n ti gbà mí ní àlejò pàtàkì nígbà àkọ́kọ́, bí ọmọdé ni wọ́n ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán mi tẹ́lẹ̀, wọn kò dá a lábàá. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iye ilẹ̀kùn tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti ṣí fún mi.

Ní ìparí ìtàn, ọ̀gá àwọn òmìrán fẹ́ sọ gbogbo ènìyàn di òmìrán kí ìyàtọ̀ àti ogun lè tán láyé. Ẹni tí ó bá gbọ́n, tí ó sì mú ẹ̀rí dání pé àwọn òmìrán náà yàgàn, lè fi ọ̀rọ̀ nìkan borí rẹ̀. Ọ̀gá náà yóò rí i pé asán ni gbogbo làálàá òun, yóò sì pa ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Òmùgọ̀ mi kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìjà ni ó kù fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo òdìkejì. Ní ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ Bethesda gbé The Elder Scrolls IV: Oblivion jáde. Ó rẹwà púpọ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí agbára rẹ bá ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ọ̀tá ń pọ̀ sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́ṣà ẹ̀bá ọ̀nà yóò wọ ìhámọ́ra olówó iyebíye láti wá gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ẹnì kan ṣoṣo lè di olórí ẹgbẹ́ ajagun, olórí ẹgbẹ́ oṣó, àti olórí ẹgbẹ́ olè. Mo mọ èrò àwọn tí ó ṣe é: wọ́n fẹ́ kí a lè lọ síbi tí ó bá wù wá nígbà tí ó bá wù wá. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo parí rẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn kan tí ó tì mọ́ mi, nítorí náà kò sí èyí tí mo fẹ́ padà lọ kàn.

Ọ̀rẹ́ mi lè ní, “Dark Souls ń kọ́?” Ilé-iṣẹ́ FromSoftware ní Jàpáánù ni ó ṣe é ní 2011, lábẹ́ ìdarí Hidetaka Miyazaki. Òótọ́ ni pé ìjà rẹ̀ le, kò sì sí ibi tí a ti lè ní kí ó rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Bí o bá kú níbẹ̀, ọrọ̀ tí o ti kó jọ ṣubú síbi tí o kú sí. Bí o bá tún kú kí o tó dé ibẹ̀ padà, ó ti lọ títí láé. Géèmù náà ń fi ara rẹ̀ pamọ́ ṣáá, kò sí àyè láti padà tún ìpinnu ṣe. Nítorí pé àdánù wà ni agbára ọ̀tá fi ń dun ni.

Àwọn kan wà tí wọn kò ní ju wákàtí kan lọ lálẹ́, àwọn mìíràn sì wà tí ọwọ́ wọn kò yá. Ṣé kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ni? Rárá o. Fallout fúnra rẹ̀ jẹ́ kí a yan ìjà tí ó rọ̀ tàbí èyí tí ó le. Ẹni tí ó yan èyí tí ó rọ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ọjọ́ 150 náà, àwọn ará Necropolis yóò sì bẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ti bẹ ọ̀rẹ́ mi. Ẹ dẹ ìjà, ẹ má dẹ àbájáde.

Síbẹ̀ mo ní ẹjọ́ kan láti bá Fallout rò. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó sọ ọ́ di ẹni tí kò ní làákàyè, ó sì ń fi í ṣe ẹ̀rín. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ní èdè Faransé níwájú kíláàsì. Mo kùn bí ẹ̀dá-ìtàn mi gan-an, kíláàsì sì rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ sọ kún inú mi. Èdè ni kò sí. Ìbá wù mí kí ọ̀nà kan wà nínú géèmù náà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìbọn nìkan. Mo tún mọ̀ pé bí n kò bá gbá a lẹ́ẹ̀kejì, n kì bá tí rí àléébù náà rárá.

Nígbà tí ohun gbogbo parí, tí ẹni tí a rán ti gba ayé là, ó padà sí ilé. Alábòójútó pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dúpẹ́, ó sì ní kò lè wọlé mọ́, nítorí ìrìn-àjò ti yí i padà. Ó kọjú sí aṣálẹ̀, ó ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi ti tún bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo yọjú wo ibi tí ó ń pín máàkì sí: àtúnṣe ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ yàn.