Ibi Tí Ìwé Ń Jókòó Sí

Ìyá Ìbejì kò tètè fọwọ́ kan ìwé kankan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò. Yàrá kékeré ni, lẹ́yìn pálọ̀ ilé olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Ìwé wà lórí pẹpẹ, ó wà lórí àga, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kún inú àpò Ghana-must-go méjì tí síìpù wọn ti já. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi okùn dì ga dé ojú fèrèsé. Ẹlòmíì ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn síta. Obìnrin yìí, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ilé-ìkàwé kí òun náà tó fẹ̀yìntì, yọ fóònù, ó ya pẹpẹ kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ya abẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè.

"Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló pa Bíbélì yìí pọ̀ mọ́ ìwé ọ̀gbìn kòkó?"

"Ìgbà tí wọ́n gbé mi lọ sí Ìṣẹ́yìn ni mo ra méjèèjì."

Ìdáhùn tó ń wá nìyẹn. Ohun tó dà bí rúdurùdu lójú wa, ìrìn-àjò ayé Bàbá ló tò ó bẹ́ẹ̀: ìwé Ìṣẹ́yìn wà lójú kan, ti Ìlá wà lójú kan, àwọn tó rà lẹ́yìn tó padà sí Ìbàdàn ló wà nítòsí ilẹ̀kùn. Ìyá Ìbejì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà síwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ohun tí Bàbá sọ nípa rẹ̀ sínú ìwé àjákọ. Bí wọ́n bá tú òkìtì náà ká kí wọ́n tó béèrè, kò sẹ́ni tó lè tò ó padà mọ́, àfi Bàbá nìkan, ẹni tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún.

Àkókò ọyẹ́ ló fi iṣẹ́ náà sí. Lójú mi, eruku ọyẹ́ nìkan tó láti sọ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n eruku ṣeé gbọ̀n dànù. Èébu ni kò ṣeé fojú di. Nígbà òjò, bí èèyàn bá fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, ńṣe ló máa ń fẹ̀ mọ́ ara ìwé; nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, á ré bọ́ bí àtíkè. Wọ́n gbé tábìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ta aṣọ funfun ògbólógbòó lé e. Ó fi ọwọ́ òsì di ìwé mú pinpin ní pípadé kí eruku má baà ráyè wọ àárín ewé, ó yí orí ìwé náà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbá a láti ìdí ẹ̀yìn wá sí ẹnu, ọ̀nà kan ṣoṣo, láìlọ láìbọ̀. Orí ìwé ló máa ń kọ́kọ́ gbá nítorí ibẹ̀ ni eruku ń bà lé. Lẹ́yìn náà ó ṣí èèpo wò, ó fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n ti rán ewé pọ̀. Ibi tó bá ti rí ihò wínníwínní, ó gbọn ìwé náà sórí aṣọ funfun: bí ìyẹ̀fun bá já bọ́, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tí ikán ti kàn, ó fi ìka tẹ amọ̀ tó wà lára rẹ̀. Amọ̀ gbígbẹ, ikán ti lọ. Amọ̀ tó bá ṣì tutù, ọ̀rá ni wọ́n ń dì í sí lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì gbé e jìnnà sí àwọn yòókù.

Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ ni mo jókòó tì í fún nígbà tó ń ṣe é. Johnson parí iṣẹ́ náà ní 1897, ó kú ní 1901 láìfojú rí i ní títẹ̀, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Èyí tó wà lọ́wọ́ Bàbá kì í ṣe ti 1921. Ìyá Ìbejì kò sì fi ojú ewé àkọ́kọ́ mọ ìyẹn. Ó ṣí ẹ̀yìn ewé náà, níbi tí wọ́n ti máa ń fi lẹ́tà kékeré to ọdún tí wọ́n tún un tẹ̀, ó ka á dé ìsàlẹ̀, ọdún tó kẹ́yìn ló mú. Inú ìwé yìí kan náà ni Bàbá ń tọ́jú nǹkan sí. Rìsíìtì wà níbẹ̀, lẹ́tà wà níbẹ̀, àti bébà tí wọ́n fi pín-ìnnì so mọ́ ewé, pín-ìnnì náà ti dípẹtà, ó ti fi àbààwọ́n pupa sára ewé méjì. Kò fà á. Ó yí ewé náà sódì, ó ti bébà líle tínrín bọ abẹ́ ẹsẹ̀ pín-ìnnì náà, ó fi ẹnu ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí bébà líle yẹn, kí ọ̀bẹ má baà kan ewé. Ìgbà tí méjèèjì nà tán ló tó dá ewé náà padà, ó fi èékánná gbé e láti iwájú. Kò já ewé ní bín-ín-tín. Bébà náà wọ inú àpòòwé. Pẹ́ńsù ló fi kọ nọ́ńbà ìwé àti ojú ewé tó ti bọ́ síwájú rẹ̀. Bírò kì í dé orí tábìlì yẹn rárá, nítorí tàdáwà bírò máa ń tàn, kò sì ṣeé pa rẹ́.

Lẹ́yìn ìmọ́tótó ni ọ̀rọ̀ tó le jù tó kàn: níbo ni ìwé kan máa jókòó? Ìlànà Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà tó gbé e jáde ní 1876, ló fi ń ṣiṣẹ́. Dewey pín gbogbo ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, ó fún lítíréṣọ̀ ní 800. Amẹ́ríkà gba 810, Gẹ̀ẹ́sì gba 820, àwọn èdè Yúróòpù mìíràn tẹ̀ lé wọn. Àwọn èdè yòókù láyé ni wọ́n há mọ́ 890, Yorùbá sì wá dé 896.333. Inú ilé yìí gan-an ni àìṣedéédéé náà ti hàn jù, torí pé ìdajì ìwé Bàbá ni yóò ru nọ́ńbà kan náà. Ìyá Ìbejì kò bá Dewey jà. Ó fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà náà ní kíkún sínú ìwé, ṣùgbọ́n lẹ́tà orúkọ òǹkọ̀wé ló jẹ́ kó hàn síta, lórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọrí láàárín ewé. Kò lẹ nǹkan kan mọ́ ẹ̀yìn ìwé àtijọ́, nítorí oúnjẹ aáyán ni gọ́ọ̀mù.

Bàbá ti kó ìwé Ṣóyínká sójú kan, títí kan èyí tó fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ, ìwé Fágúnwà, ní 1968. Ìyá Ìbejì yọ ọ́ láàárín wọn, ó gbé e ti Fágúnwà. Bàbá ní rárá, orúkọ Ṣóyínká ló gbòòrò lára rẹ̀. Obìnrin náà fi sùúrù ṣàlàyé pé ìtumọ̀ máa ń tẹ̀ lé èdè tí wọ́n fi kọ́kọ́ kọ ìwé, kí ẹni tó bá wá Fágúnwà lè rí gbogbo ọ̀nà tó gbà dé ọwọ́ òǹkàwé. Ó wá fi páálí pẹlẹbẹ kan sí àlàfo tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣóyínká, ó kọ ibi tí ìwé lọ sí i lára. Bàbá gbà, àmọ́ ojú rẹ̀ kò gbà tán.

Ti ìwé ìtàn ìgbésí ayé Ṣẹ̀gilọlá le ju ìyẹn lọ. Ìwé ìròyìn Akéde Èkó ló kọ́kọ́ gbé e jáde bíi lẹ́tà láti ọwọ́ obìnrin kan, ṣùgbọ́n I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló kọ ọ́. Abẹ́ Thomas ni Ìyá Ìbejì fi sí nínú káàdì tó ń kọ fún ìwé kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣe káàdì kejì fún Ṣẹ̀gilọlá tó ń tọ́ka sí Thomas. "Aiye" ni wọ́n tẹ̀ sójú ìwé náà láyé ọjọ́un. Bó ṣe wà ló ṣe dà á kọ, ó wá fi "Ayé" sí ìsàlẹ̀ fún ọmọ ìsinsìnyí tó bá ń wá a.

Bí káàdì ṣe pọ̀ tán, ó tò wọ́n. Ọmọ-ọmọ Bàbá tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ràn án lọ́wọ́ ti to tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá, ó sì ti gbé káàdì òǹkọ̀wé Ọdúnjọ ṣáájú ti Òkédìjí. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, o ló ṣáájú ọ, nítorí náà Òkédìjí ló ń ṣáájú. Bákan náà ni g ń ṣáájú gb: ìwé tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Igi" gbọ́dọ̀ dé kí "Igbó" tó dé. Ìyá Ìbejì kò wo ìwé kankan kó tó ṣe é. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń ti káàdì, ìka ìtọ́ka ń ṣí àlàfo, káàdì wọlé.

Pẹpẹ fúnra rẹ̀ kò gba àkókò púpọ̀. Wọ́n fà á kúrò lára ògiri tó ìbú ọwọ́ kan kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, kí wọ́n sì lè tètè rí ipa ikán. Pákó ìsàlẹ̀ pátápátá ṣófo. Ìyá Ìbejì kọ́ ọmọ-ọmọ Bàbá bí wọ́n ṣe ń yọ ìwé: kò gbọ́dọ̀ fi ìka kọ́ ọ lórí, àwọn tó wà lọ́tùn-ún lósì ni kó tì wọlé díẹ̀, kó wá gbá a mú láàárín. Ìwé Aláwíyé tó ju ẹ̀dà kan lọ wà níbẹ̀, Bàbá kò sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀kan tọrẹ. Ìyá Ìbejì kò bá a fà á.

Ìwé àjákọ kan ló kù. Ó fi rúlà fa ìlà sí i: ọjọ́, orúkọ ìwé, ẹni tó yá a, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ ìdápadà.

"Mi ò ní yá ẹnikẹ́ni níwèé mọ́, Ìyá Ìbejì."

"Àwọn tó ti wà níta ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ìwé Ó Le Kú wà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àjà Ló Lẹrù ńkọ́? Olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e lọ. Ìyá Ìbejì kọ méjèèjì sílẹ̀, ó fi ojú ìlà ọjọ́ ìdápadà sílẹ̀ lófìfo, ó sì béèrè nọ́ńbà fóònù. Bàbá ti ń wá jígí rẹ̀ láti pe olórí akọrin.