Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Lórí Orúkọ tí Ó Yẹ Iṣẹ́ Wíwá Ohun Abẹ́ Ilẹ̀

Nígbà tí àwọn baba wa kọ́kọ́ bá ẹ̀rọ rédíò pàdé, wọn kò dúró kí a tú orúkọ rẹ̀ fún wọn láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wo ohun tí ó ń ṣe, wọ́n wo ohun tí kò lè ṣe, wọ́n sì pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Apá kejì orúkọ náà ni ó wù mí jù, nítorí pé ó sọ àléébù ẹ̀rọ ní gbangba. Irú òye bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a fi yẹ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kan wò, èyí tí àṣìṣe inú rẹ̀ lè gba ẹ̀mí: iṣẹ́ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ wá ọ̀pá omi, ọ̀pá gáàsì àti wáyà iná tí a rì mọ́ ilẹ̀.

Ẹ̀yà méjì ni ẹ̀rọ tí wọ́n sábà ń lò ní. Èkíní a máa rán iná mọ̀nàmọ́ná díẹ̀ sínú ọ̀pá irin tàbí wáyà tí a ń wá, iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ní ìgbà púpọ̀, bí àpẹẹrẹ ìgbà 33,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tí iná yìí bá gbà kọjá, agbára òòfà a máa yí i ká. Agbára náà ni ẹ̀yà kejì, tí òṣìṣẹ́ gbé lọ́wọ́ lókè ilẹ̀, ń gbọ́, tí ó sì ń dún láti ròyìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wáyà mìíràn bá wà nítòsí, iná náà lè ràn mọ́ ọn, kí ẹ̀rọ sì máa ké lórí aládùúgbò bí ẹni pé onílé gan-an ni. Ọ̀pá oníke tí a kò fi wáyà sin kì í tilẹ̀ dáhùn rárá.

Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ ń pe iṣẹ́ yìí ní “locating”, bí ẹni pé a ti mọ ibi tí nǹkan náà wà dájú. Àwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà fúnra wọn rí àléébù yìí. Nínú ìlànà tí ẹgbẹ́ wọn, ASCE, gbé jáde ní 2002, “designating” ni wọ́n pe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n fi “locating” sílẹ̀ fún ìgbà tí a bá gbẹ́ ilẹ̀ títí ohun náà fi hàn sí gbangba. Ìyàtọ̀ náà tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ni kò tó, nítorí pé “designating” kò wí fún ẹni tí ó mú díga lọ́wọ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì fi ojú kan nǹkan kan.

Bí a bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì gọ́ńgọ́, “ẹ̀rọ awárí” ni yóò kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n irọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Ohun tí a bá wá ní àwárí, ó ti tẹ ni lọ́wọ́. Ẹ̀rọ yìí wá, kò rí. Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu: gbọ́. A ń gbọ́ ohùn, a sì ń gbọ́ òórùn, láìfojú kan ohun tí wọ́n ti ara rẹ̀ wá. Nítorí náà, ní ìlànà asọ̀rọ̀mágbèsì, mo dábàá kí a pe ẹ̀rọ náà ní agbọ́márí.

Ẹnìkan lè wí pé rédà abẹ́ ilẹ̀ a máa fi àwòrán hàn, pé rírí sì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Rédà ń rán ìgbì sínú ilẹ̀, ó sì ń retí èyí tí yóò padà, bí ẹni tí ó kígbe sí àpáta tí ó ń tẹ́tí sí gbohùngbohùn. Gbohùngbohùn ni a fi ya àwòrán náà. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ tí ó rin, ìgbì a máa kú sínú rẹ̀, àwòrán a sì ṣòfò.

Ìlànà ASCE yìí, àti PAS 128 tí ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2014, pín ìmọ̀ wa nípa ohun abẹ́ ilẹ̀ sí ipele mẹ́rin, wọ́n sì fi lẹ́tà D, C, B àti A pè wọ́n. Lẹ́tà kò sọ ohunkóhun fún agbẹ́lẹ̀. Mo fi ìwọ̀nyí síwájú ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ fún àyẹ̀wò: fún D, ohun tí ìwé wí, fún C, ohun tí àmì ojú ilẹ̀ fi hàn, bí ìdérí ihò, fún B, ohun tí ẹ̀rọ gbọ́, fún A, ohun tí ojú rí. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò mọ èyí tí ó lágbára jù nínú wọn, nítorí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi ń bá àwọn tí ń gbẹ́ kòtò wáyà sọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá bá wí pé, “A ti rí wáyà iná, ọ̀hún ló wà,” òṣìṣẹ́ yóò la díga mọ́lẹ̀ níbí láìfòyà. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé, “A gbọ́ wáyà iná lọ́hùn-ún, a kò tíì rí i,” yóò gbé díga sílẹ̀, yóò sì fi ṣọ́bìrì wa ilẹ̀ náà jẹ́jẹ́.