Fáìlì Tó Mọ Orírun Rẹ̀

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kóòdù kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá ètò kan ń ṣiṣẹ́. "Kóòdù wo ló bí i?" ni wọ́n máa ń bi mí, wọn kì í sì í fẹ́ kí n fẹnu lásán dáhùn. Wọ́n á tẹ àṣẹ strings lórí fáìlì tí kọ̀ǹpáìlà gbé jáde, wọ́n á máa wá gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀: orúkọ ètò, nọ́ńbà ẹ̀dà, àti àmì commit tí ètò náà ti inú rẹ̀ jáde wá. Bí kò bá sí níbẹ̀, iṣẹ́ ò tíì parí lójú tiwọn. Mo fẹ́ràn wọn nítorí rẹ̀ nígbà náà. Ìfẹ́ náà tún wá pọ̀ sí i báyìí tí èmi náà ti ń kọ́ ẹlòmíràn.

Yàrá kan ní Mayfair, nílé Ifẹ̀ níbí, ni a ti ń ṣiṣẹ́. Bí NẸ́PÀ bá múná lọ, tí bátìrì láptọ́ọ̀pù sì tán, ọ̀gá á fa ìwé yọ, bírò la ó wá fi máa kọ mákírò èdè C. Orí ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí ohun tí àmì # ń ṣe gan-an.

Gbogbo wa la mọ̀ pé # a máa sọ ohun tí a bá fún un di ọ̀rọ̀ inú àmì àyọlò. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í dúró wò ni pé kì í kọ́kọ́ tú u. Kọ #define STR(x) #x, kí o fún un ní VERSION tó dúró fún 2.4: ọ̀rọ̀ náà "VERSION" ni yóò wọ inú fáìlì, 2.4 ò ní débẹ̀. Mákírò méjì ló ń tún un ṣe: #define STR_(x) #x, lẹ́yìn náà #define STR(x) STR_(x). STR kò ní # nínú, nítorí náà preprocessor gbọ́dọ̀ tú VERSION di 2.4 kí ó tó gbé e fún STR_. Ìpele kékeré yìí ló ń jẹ́ kí nọ́ńbà tí a fi -D fún kọ̀ǹpáìlà láti òde dé inú báínárì láìyingin. Ọ̀gá lè fi odidi ìrọ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ lé e lórí. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á máa pariwo, àwọn á sì máa tú mákírò náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní kí n má tíì sọ pé "ó ṣiṣẹ́", kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí preprocessor rí.

Kò tán síbẹ̀. Kọ̀ǹpáìlà á wo ọ̀rọ̀ náà, á rí i pé kò sẹ́ni tó ń lò ó, ó sì lè gbé e jù nù. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ __attribute__((used, section(".ifeinfo"))) sí i lára: used kò ní jẹ́ kó jù ú, section á fún un ní abala tirẹ̀. Bí línkà náà bá wá gba àṣẹ --gc-sections, òun náà á fẹ́ gbá a dànù, àfi bí a bá kọ KEEP fún abala yẹn nínú linker script. Lẹ́yìn èyí, strip lè bọ́ orúkọ fọ́ńṣọ̀n kúrò. Abala tí ètò ń gbé wọ mẹ́mórì kì í kàn án. Aṣọ ni strip ń bọ́, ilà ojú ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀nà àwọn àgbà ni. Ní 1972 ni Marc Rochkind kọ SCCS, ètò tó ń tọ́jú ẹ̀dà kóòdù, ní Bell Labs. Àṣẹ what ibẹ̀ a máa wá @(#) nínú fáìlì, a sì tẹ ohun tó tẹ̀ lé e jáde. Linux ń ṣe irú rẹ̀ títí dòní: MODULE_LICENSE àti MODULE_AUTHOR ń kọ ọ̀rọ̀ sínú abala .modinfo, àṣẹ modinfo sì ń kà á fún wa.

Ohun tó ń bí mi nínú ni version.txt tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò. Ilé ìwé kan ní kọ̀ǹpútà méjì tó ń ṣírò èsì ìdánwò, èsì wọn kò sì bára mu. Version.txt méjèèjì sọ ohun kan náà, nítorí wọ́n kàn ṣe àdàkọ rẹ̀ ni. Ọ̀gá gba flash, wọ́n tẹ strings, commit méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yọ jáde. Wọn ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ àmì méjèèjì sórí ìwé, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Mi ò fara mọ́ __DATE__, tó ń kọ déètì ọjọ́ tí a kọ́ ètò sínú báínárì, náà. Kọ́ kóòdù kan náà lónìí àti lọ́la, báínárì méjì tí kò jọra ni wàá rí, o kò sì lè fi ọ̀kan wádìí èkejì mọ́. Láti GCC 7 ní 2017 ni SOURCE_DATE_EPOCH ti ń dá déètì náà dúró, síbẹ̀ commit ló tọ́ sí ibẹ̀.

Àwọn kan ní build-id tí línkà ń ṣe fúnra rẹ̀ ti tó. Ó dára fún ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá pè mí láti Mọdákẹ́kẹ́ lálẹ́, tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi lẹ́tà ogójì build-id ṣe? Orúkọ, ẹ̀dà àti commit ni mo fẹ́ kó kà sí mi létí.