Ìwé Ewé ti Fátúmbí Verger àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ

Nínú àwọn ìwé tí a kọ lórí ewé ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí Pierre Fátúmbí Verger pè ní Ewé kò ní ẹlẹ́gbẹ́ lójú wa. Ó jáde ní èdè Potogí ní São Paulo ní 1995, ó sì jáde ní èdè Faransé ní Paris ní 1997. Ìwé náà kan àwa ará Kétu gbọ̀ngbọ̀n, nítorí Kétu ni wọ́n ti tẹ òǹkọ̀wé náà ní Ifá ní 1953, tí ó sì ti gba orúkọ Fátúmbí.

Oògùn 447 ni ó tò sí ọ̀nà mẹ́fà: oògùn àìsàn, ìbímọ, ìsìn òrìṣà, àwúre, àbìlù àti ìdáàbòbò. Iyì rẹ̀ kìíní ni pé ó fi hàn bí ọfọ̀ ṣe ń ti inú orúkọ ewé jáde. Èkejì ni pé ó so orúkọ Yorùbá mọ́ orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò, nítorí orúkọ kan lè jẹ́ ti ewé méjì láti ìlú kan sí èkejì.

Ibi tí a ti yapa ni bí àwọn kan ṣe ń lo ìwé yìí bí ẹ̀rí pé ewé wa ń wo jẹjẹrẹ sàn. Ohun tí babaláwo sọ ni Verger kọ sílẹ̀. Kò ka iye ẹni tí oògùn jẹ́ fún àti iye ẹni tí kò jẹ́ fún. Àwọn àgbà a máa wí pé ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́. Èyí tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Òwe náà dùn, ṣùgbọ́n bí a bá fi í dáhùn gbogbo ìkùnà, a kò ní mọ èyí tí kò ṣiṣẹ́ láéláé.

Ẹ wo òdòdó pervenche ti Madagásíkà, tí ó ń hù ní àgbàlá wa. Àtọ̀gbẹ ni àwọn ará Jàmáíkà ń mu àgbo rẹ̀ fún. Robert Noble àti Charles Beer yẹ̀ ẹ́ wò ní Kánádà. Wọn kò rí ti àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ó ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù. Báyìí ni a ṣe rí vinblastine ní 1958. Lẹ́yìn rẹ̀ ni vincristine dé, tí a fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé títí di òní. Nǹkan bí 500 kílò ewé gbígbẹ ni a ń lò kí a tó rí gíráàmù 1 vinblastine. Bí ìwọ̀n vincristine bá sì ṣì díẹ̀, ó lè pa aláìsàn. Ìkòkò àgbo kò lè wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó rí kókó ní ọmú, tí ó wá fi ìwé yìí gbójú lé àgbo dípò ilé ìwòsàn, ó ka ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́, nígbà tí ẹ bá jókòó ti àwọn àgbà, ẹ kọ orúkọ ewé àti ọfọ̀ rẹ̀ bí Verger ti ṣe. Kí ẹ sì fi ìwọ̀n rẹ̀ kún un, ẹni tí ó lò ó, àti ohun tí ó tẹ̀lé e. Apá yẹn ni kò tíì pé.