Orúkọ Àmútọ̀runwá Kì í Ṣe Oríkì Orílẹ̀: Àríwísí lórí Ìbújáde Ìtànṣán Gámà

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ti bá ìkómọ mu ni ó bá iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì mu, nítorí pé onímọ̀ a máa sọ ohun tí ó bá ṣàwárí lórúkọ. Ọ̀kan nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tí ó yẹ fún àríwísí ni "ìbújáde kúkúrú", tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń pe oríṣi ìbújáde ìtànṣán gámà kan.

Ìtànṣán gámà jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí. Agbára rẹ̀ ju ti ìtànṣán tí àwọn oníṣègùn fi ń ya àwòrán egungun lọ. Èyí tí ó bá ti ojú ọ̀run wá kì í kanlẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó yí ilé ayé ká a máa gbé e mì. Ìdí nìyí tí ẹni tí yóò rí i fi gbọ́dọ̀ gbé awò rẹ̀ kọjá ibi tí afẹ́fẹ́ dé. Ní ọdún 1967, àwọn sátẹ́láìtì Vela, tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń ṣọ́ ẹni tí ó bá ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní ìkọ̀kọ̀, ṣàdéédé rí i tí ìtànṣán yìí bú jáde láti ojú ọ̀run. Ọdún 1973 ni Klebesadel, Strong àti Olson tó kéde rẹ̀ fún aráyé.

Ní 1993, Chryssa Kouveliotou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ BATSE wò, èyí tí ó wà lára awò Compton. Wọ́n rí i pé ọ̀nà méjì ni àwọn ìbújáde náà pín sí: àwọn kan kì í pé ìṣẹ́jú-àáyá 2, àwọn yòókù a sì máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni ó ti di ẹ̀kọ́ pé ìràwọ̀ méjì tí ó kọlu ara wọn ni ó ń bí ìbújáde kúkúrú, àti pé ìràwọ̀ ńlá tí ó wó lulẹ̀ ni ó ń bí èyí tí ó gùn.

Ìwúlò ìpín yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀rọ GBM, tí ó wà lára awò Fermi tí wọ́n gbé lọ sókè ní 2008, ní ojú 14. Bí ojú méjì bá rí i pé ìtànṣán tí ń wọlé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ dáadáa, ẹ̀rọ náà yóò ta àwọn onímọ̀ lólobó. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2017, ó rí ìbújáde kan tí ó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 2. Kí ó tó rí i ní ìṣẹ́jú-àáyá 1.7, àwọn ẹ̀rọ LIGO ti gbọ́ ìgbì òòfà láti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ niútírọ́ọ̀nù méjì tí ń kọlu ara wọn. Ẹ̀rí pé ẹ̀kọ́ náà ní òtítọ́ nínú dé.

Síbẹ̀, àléébù wà. Èkínní wà nínú ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí ìdá 5 nínú 100 ìtànṣán náà bá wọlé títí di ìgbà tí ìdá 95 bá pé ni wọ́n ń kà. Bí ìbújáde kò bá lágbára, ìparí rẹ̀ lè rì sínú ìtànṣán tí ń wọlé nígbà gbogbo, kí ó sì dà bí ẹni pé ó kúrú. Ìbújáde ọdún 2017 tí gbogbo ènìyàn ń yìn gan-an, orí ààlà ni ó jókòó sí.

Àléébù kejì ni ó wúwo jù. Ní 2020, Fermi rí GRB 200826A, tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 1 lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tọ́ka sí ìràwọ̀ ńlá tí ó wó. Ní 2021 ni GRB 211211A dé. Ó lé ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ó fi sẹ́yìn jọ ti ìràwọ̀ tí ó kọlu ara wọn. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí ó bá mú ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè. Èyí tí ó bá dojú bolẹ̀ wáyé ni Àjàyí. Orúkọ wọ̀nyí ń sọ bí ọmọ ti dé, wọn kò sọ baba tí ó bí i. Oríkì orílẹ̀ ni ó ń sọ ìyẹn. Ìgè lè jẹ́ ọmọ Oníkòyí, ó sì lè jẹ́ ọmọ Ọlọ́fà. "Kúkúrú" jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá; àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọ́n sọ ọ́ di oríkì orílẹ̀.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Nínú irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ni wúrà àti àwọn nǹkan wíwúwo mìíràn ti ń wáyé. Onímọ̀ tí ó bá kọ̀ láti tọpa ìbújáde kan nítorí pé ó gùn lè fi ibi tí wúrà ti ṣẹ̀ sílẹ̀. Bákan náà, olùkọ́ tí yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ pe ìbújáde kúkúrú ní "ìbújáde ìkọlù". Orúkọ méjì ni ó yẹ: ọ̀kan fún bí ó ti pẹ́ tó, èkejì fún ohun tí ó bí i. Èkejì yìí ni kí wọ́n fi pamọ́ títí wọn yóò fi wo ilé tí ọmọ náà ti wá.