Alárinà Tí Ó Jẹ́ Iṣẹ́ Apá Kan: Àgbéyẹ̀wò Ó Le Kú

1.0 Ìfáárà

Nígbà tí Oxford University Press ní Ìbàdàn tẹ Ó Le Kú jáde ní ọdún 1974, ọ̀nà tuntun là fún ìtàn àròsọ Yorùbá. Láti ọdún 1938 ni D. O. Fágúnwà ti mú òǹkàwé wọ inú igbó irúnmalẹ̀. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí sì ti mú un tọ ipasẹ̀ ọ̀daràn nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971). Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó wá mú un wọ Yunifásítì Ìbàdàn, sáàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ń kàwé tí wọ́n sì ń fẹ́ra. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé, bí ìwé náà ti dùn tó, kò kúnjú ìwọ̀n ohun tí òǹkàwé ń retí lọ́wọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

2.0 Ibùdó Ìtàn

Láyé àtijọ́, alárinà ni ń bẹ láàárín ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọmọbìnrin tí ó wù ú. Òun ni ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun náà ni ń gbé èsì bọ̀. Bí ọmọbìnrin kò bá tíì jẹ́ hẹn, èyí tí Yorùbá ń pè ní ìṣíhùn, ọ̀rọ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀. Ìbàdàn tuntun ti yọ alárinà kúrò. Ní ọgbà yunifásítì, àti ní Agbówó òun Bódìjà tí ó múlé tì í, ọ̀dọ́ lè bá ọ̀dọ́ pàdé kí òbí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Ìyá Àjàní ń fẹ́ kí ọmọ òun tètè mú ìyàwó wá, ṣùgbọ́n Àjàní fúnra rẹ̀ ni yóò wá a. Níbi tí kò ti sí alárinà mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ di ti òǹkọ̀wé: òun ni ó yẹ kí ó gbé ọ̀rọ̀ lọ, kí ó sì gbé èsì bọ̀ fún òǹkàwé.

3.0 Àwọn Ẹ̀dá Ìtàn

Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé kì í ṣe odi. Etí Ìṣọ̀lá mú sí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Àwàdà, èébú àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú ìwé náà kò ṣe é kóyán rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ipasẹ̀ Àjàní ni ìtàn ń tọ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni òǹkàwé ń mọ̀ nípa ohun tí ó ń rò ní òun nìkan.

Ẹnìkan lè sọ pé àìlèdúró-sójú-kan Àjàní gan-an ni òǹkọ̀wé fẹ́ bá wí. Àwíjàre yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ta ni yóò mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ Àjàní ti wúwo tó, nígbà tí kò gbọ́ tẹnu àwọn tí ó ṣẹ̀? Agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Kì í sì í ṣe pé ohun tí a ń retí yìí ṣàjèjì. Isaac Délànọ̀ ti fi ìtàn sí Àṣàbí lẹ́nu nínú Aiyé D'Aiyé Òyìnbó (1955). Ìṣọ̀lá náà ti fi obìnrin sí àárín gbùngbùn nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà (1970), níbi tí ìyálóde náà ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìbànújẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́, eré-oníṣe a máa fún olúkúlùkù ní ẹnu. Ìtàn àròsọ ni ó ń béèrè pé kí òǹkọ̀wé yan ọkàn tí yóò wọ̀. Nínú Ó Le Kú, ọkàn Àjàní ni ó yàn.

4.0 Ohun Tí Ó Kù Lọ́kàn Ará Ìlú

Ní ọdún 1997, Túndé Kèlání sọ ìwé yìí di fíìmù. Ìró àti bùbá péńpé tí àwọn obìnrin inú rẹ̀ wọ̀ tún gbòde, orúkọ ìwé náà sì mọ́ aṣọ lára: olékú. Ọ̀pọ̀ tí ó rán olékú ni kò lè sọ ohun tí Lọlá tàbí Ṣadé ń fẹ́ láyé. Kò yani lẹ́nu. Ìta ara wọn ni ìtàn fi hàn jù, ìta ara náà ni ìlú sì mú.

5.0 Ìgúnlẹ̀

Ó Le Kú ṣí ọ̀nà, ẹ̀bùn èdè òǹkọ̀wé rẹ̀ kò sì ní iyèméjì. Àléébù rẹ̀ ni pé ó jẹ́ iṣẹ́ alárinà ní apá kan. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ń kà á bá ọ̀nà tí ọkùnrin fi ń yan obìnrin pàdé níbẹ̀. Ìṣíhùn tiwọn ni wọn kò bá. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ Yorùbá nìyẹn.