Kànga Ilé da Rocha: Lámèyítọ́ Ìwé A Casa da Água gẹ́gẹ́ bí Ìtàn Ilé Àtijọ́ Kan ní Èkó

Nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ lórí àwọn Àgùdà Èkó, wọ́n a máa tọ́ka sí A Casa da Água, èyí tí ó túmọ̀ sí Ilé Omi, bí ẹni pé ìwé ìtàn gidi ni. Ìtàn àròsọ ni. Antonio Olinto, ọmọ Brazil tí ó ṣe aṣojú àṣà orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ni ó kọ ọ́. Ó jáde ní èdè Potogí ní 1969; ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, The Water House, sì tẹ̀lé e ní 1970. Nítorí pé ilé kan wà ní Òpópónà Kakawa ní Erékùṣù Èkó tí wọ́n ń pè ní Water House, a ti gbà láìwádìí pé ìtàn ìwé ni ìtàn ilé. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ohun tí ìwé náà fi hàn nípa ilé yìí, àti ohun tí ó bò mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé gan-an. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni João Esan da Rocha. Wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré lọ sí Bahia, ó sì padà sí Èkó ní nǹkan bí ọdún 1870 pẹ̀lú Angelica, aya rẹ̀, àti Candido, ọmọ wọn tí wọ́n bí sí Bahia ní 1860. Ó gbẹ́ kànga sí ilé rẹ̀ ní Kakawa, ó sì ń ta omi fún ará ìlú. Ẹni tí kò gbé Èkó rí lè bèèrè bí omi ṣe di ọjà ní ìlú tí omi yí ká; ẹni tí ó bá ti tọ́ omi ọ̀sà wò kò ní bèèrè. Omi ẹ̀rọ láti Ìjú kò tíì dé nígbà náà. Candido ni ó jogún ilé náà, ó sì wà láyé títí di 1959. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí nípa rẹ̀ ni àhesọ pé ìlú Òyìnbó ni ó ti ń fọ aṣọ rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n rántí, wọ́n gbàgbé kànga tí owó rẹ̀ rà á.

Nínú ìwé Olinto, obìnrin ni ó ni kànga. Mariana ni orúkọ rẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀, Catarina, tí wọ́n ti kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá, ni ó pinnu pé òun gbọ́dọ̀ padà sílé kí òun tó kú, ó sì kó ọmọ àti ọmọ-ọmọ dání. Ìrìn-àjò orí òkun náà pẹ́, àìsàn sì pa nínú àwọn èrò ọkọ̀. Ní Èkó, Mariana di ọlọ́rọ̀ nípasẹ̀ kànga, ọmọ rẹ̀ sì di ààrẹ Zorei, orílẹ̀-èdè kan tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ìrìn-àjò yìí kì í ṣe ti ìdílé da Rocha rárá. Ó jọ ti Romana da Conceição, arúgbó kan tí Olinto mọ̀ ní Èkó, tí ó wọ ọkọ̀ Aliança láti Bahia ní ọmọdé ní 1899, tí àìsàn sì pa nínú àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀. Olinto mú ọkọ̀ ìdílé kan, ó so ó mọ́ kànga ìdílé mìíràn.

A kò lè dá a lẹ́bi fún èyí, nítorí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ni. Lójú tèmi, gbígbé kànga fún obìnrin jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó dára jù nínú ìwé náà. Ta ni ń pọn omi nílé Yorùbá, ta sì ni ń ná ọjà? Ibi tí mo ti bá a wí ni àkókò. Bí ó ṣe fa ọ̀rọ̀ wá sí nǹkan bí 1900, ó fi ọgbọ̀n ọdún ṣòfò, àárín ọgbọ̀n ọdún yẹn gan-an sì ni ìtàn ilé náà fara pamọ́ sí. Ọkùnrin tí ó dé ní nǹkan bí 1870 bá Èkó lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbà á ní 1861. Kò pẹ́ tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, tí kò sì parí pátápátá títí di 1893. Ilé Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ti kó o lọ ti di ojú ogun. Ní Èkó, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ láti ran àwọn tó wà nílé lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbà tí Catarina ń ronú ìpadàsílé, ẹni tí ó ni kànga gidi mọ̀ pé ilé kò ṣeé padà sí bẹ́ẹ̀. Èyí yàtọ̀ gidigidi sí àárò ilé tí ó kún inú ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ omi fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ní 1908, nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó omi ẹ̀rọ lọ́wọ́ ará Èkó, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti ta kò ó. Ìfẹ̀hónúhàn tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1916. Ara àtakò wọn ni pé àwọn ti ní kànga tiwọn, àwọn Òyìnbó ni omi ẹ̀rọ wà fún. Òǹkàwé tí ó bá mọ èyí kò ní ka ọ̀rọ̀ kànga Mariana bí ọ̀rọ̀ ìṣòwò lásán. Ìdí òṣèlú ni.

Ẹ wo orúkọ náà pẹ̀lú. Inú "da Rocha" ni wọ́n gbé "Esan" pamọ́ sí, àwọn ìwé tí ó mẹ́nu bà á kò sì fi àmì ohùn sí i. Ẹ̀san tí ó jẹ́ èrè tàbí ìgbẹ̀san kọ́ ni ẹ̀sán tí a fi ń ka nǹkan. Ẹ̀kọ́ àmì ohùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE ń kùn sí, ibi tí ó ti wúlò nìyí: ojú ìtàn ọkùnrin kan wà lórí àmì méjì péré.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé a ń sọ àsọdùn, ẹ rántí Ilojo Bar ní Tinubu. Ìdílé Fernandez ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi orúkọ ilé náà pè, Casa do Fernandez. Ìdílé Olaiya rà á ní 1933, orúkọ yí padà. Ní 1956 ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Àádọ́ta ọdún ó lé mẹ́wàá ni ìkéde fi wà lórí ìwé. Abuja níbí ni olú-ilé-iṣẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó irú ilé bẹ́ẹ̀ wà, Èkó sì ni ilé wà. Kò sí ìtàn àròsọ kankan tí mo mọ̀ tí a lè fi rọ́pò ògiri rẹ̀. Ti Kakawa ṣì ní ìwé, bí ìwé náà tilẹ̀ ṣi ọ̀nà.

Nítorí náà, mi ò sọ pé kí a yọ A Casa da Água kúrò nínú ohun tí a ń kọ́. Kí a kọ́ ọ ní ẹ̀gbẹ́ ilé ni mo ń sọ. Garki tí a péjọ sí yìí, abúlé àwọn Gbagyi ni kí òfin ọdún 1976 tó dá agbègbè olú-ìlú sílẹ̀, abúlé náà sì ṣì wà láàárín àwọn ọ́fíìsì. Síbẹ̀, ilẹ̀ tí kò ní olúwa ni ọ̀pọ̀ ń pè é nínú kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ka Olinto lábẹ́ àbójútó mi níhìn-ín, agboolé kan ní abúlé Garki ni yóò kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú akẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ó gbọ́ Gbagyi, kí wọ́n bèèrè ẹni tí ó gbẹ́ kànga ibẹ̀ àti orúkọ tí wọ́n ń pe ibẹ̀ kí wọ́n tó pín in sí Area.